Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ lójú òfurufú: ibi tí àkókò ń bá lọ

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló mọ ìtàn Ajíbógun. Ojú Odùduwà fọ́, Ifá ní omi òkun ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀, àbíkẹ́yìn ọmọ náà sì gbéra láti Ifẹ̀, ó lọ bu omi òkun wá. Ó pẹ́ débi pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán kó tó padà dé. Idà ló kù fún un. Inú ìrìn-àjò yẹn ni orúkọ Obòkun tí Ọwá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ ti wá. Bẹ́ẹ̀, bí a bá fa okùn gbọnrangandan láti Ilé-Ifẹ̀ sí etí òkun ní gúúsù, okùn náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 135 lọ. Bàálù oní-abẹ̀bẹ̀ tó ń sá kìlómítà 500 ní wákàtí kan yóò rìn ín láàárín ìṣẹ́jú 16. Òkun kò sún mọ́ Ifẹ̀ lónìí ju bó ṣe wà láyé Ajíbógun lọ. Igbó, odò àti ẹsẹ̀ tí èèyàn fi ń rìn ló sọ ọ́ di ìrìn-àjò tí ará ilé fi gbà pé ẹni tó lọ kò ní padà mọ́.

Ìtàn yìí padà sọ́kàn mi lọ́jọ́ tí mo wọ bàálù láti Àkúrẹ́ lọ sí Abuja. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ìyá mi ní Iléṣà bi mí pé báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó. Mo ní, "Màámi, ìṣẹ́jú 45 péré ni. Ẹ má dààmú." Aago méje àárọ̀ ni mo kúrò nílé. Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Ìgbárá-Òkè ni mo ṣì wà lójú títì. Aago méjì ọ̀sán ti lọ kí n tó kan ilẹ̀kùn ilé tí mò ń lọ ní Abuja, ìyá mi kò sì tíì lè fi oúnjẹ kan ẹnu. "Ṣé ìṣẹ́jú 45 tí o wí nìyí, ọmọ mi?" N kò parọ́. Ìṣẹ́jú 45 ni bàálù lò lókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò dáhùn ohun tí wọ́n béèrè. Ìgbà tí ọmọ wọn yóò dé ibi tó ń lọ ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Ayé àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí. Bí àwọn Òṣómàáló wa tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá bá sọ pé ìlú kan jẹ́ ìrìn ọjọ́ méjì, wọ́n ti sọ bó ṣe jìnnà tó, wọ́n sì ti sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kárí méjèèjì. Bàálù ló yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò sì tíì mọ́ ọn lára láti máa béèrè wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo fẹ́ fi pápákọ̀ òfurufú méjì ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àárín wọn ni àwa ará Òṣogbo àti ará Ìjẹ̀ṣà wà. Ọ̀kan wà ní Alákíà n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n fi orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè. Èkejì wà lápá Òbà-Ilé ní Àkúrẹ́. Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra lójú òfurufú?

Kò sẹ́ni tó ń gbé okùn lọ wọ̀n ọ́n. Ibi tí pápá kọ̀ọ̀kan wà lórí ayé ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Alákíà wà ní dígírì 7.36 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ó sì wà ní dígírì 3.98 sí ìlà-oòrùn ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London. Ti Àkúrẹ́ jẹ́ 7.25 àti 5.30. Ẹ wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá dúró ní Alákíà tí ẹ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ, Àkúrẹ́ ni ẹ kọjú sí, àfi díẹ̀ tó yà sí gúúsù. Nọ́ńbà kejì ló yàtọ̀. Ẹ yọ 3.98 kúrò nínú 5.30, ó ku 1.32.

Dígírì kan pín sí ọ̀nà 60, ìdá kọ̀ọ̀kan nínú 60 yìí sì ni wọ́n ń pè ní máìlì òkun, èyí tó jẹ́ mítà 1,852. Òun ni àwọn atukọ̀ ojú omi ń lò kí bàálù tó dáyé, òun náà ni àwọn awakọ̀ òfurufú jogún. Ẹ wá fi 60 sọ 1.32 di púpọ̀, ẹ óò rí 79. Máìlì òkun 79 ni Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ lójú òfurufú, bí kìlómítà 146. (Ìlà tó wá láti àríwá sí gúúsù ayé máa ń sún mọ́ra wọn bí a bá ṣe ń lọ sí àríwá, ṣùgbọ́n a ṣì súnmọ́ agbedeméjì ayé níbí débi pé ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.) Ọmọ iléèwé girama tó ní bírò àti ìwé lè ṣe ìṣirò yìí, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá rí ọmọ tó ṣe é fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ní Òṣogbo ti mọ nọ́ńbà 1.32 yìí tipẹ́ láìpe orúkọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ayé fi ń yí dígírì kan, nítorí náà oòrùn máa ń wọ̀ ní Àkúrẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú Ìbàdàn. Ará Àkúrẹ́ á ti ṣínu kí ará Ìbàdàn tó gbọ́ ìrun. Òṣogbo àti Iléṣà wà láàárín.

Mo sọ̀rọ̀ okùn gbọnrangandan. Fún ọ̀nà kúkúrú bí èyí, rúlà lórí máàpù ti tó. Ṣùgbọ́n ayé rí roboto, bí ọ̀nà bá ti jìn, rúlà á tan ni jẹ. Ẹ mú bọ́ọ̀lù tó ní àwòrán ayé lára, ẹ na okùn láti Èkó sí New York, níbi tí àìmọye ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń gbé. Okùn yẹn á tẹ̀ sí apá àríwá ju ìlà tí ẹ bá fi rúlà fà sórí bébà lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló kúrú jù, ó lé ní kìlómítà 8,000. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀nà bàálù tí wọ́n ń fi hàn lórí ẹ̀rọ iwájú àga fi máa ń dà bí ọrun tí wọ́n fà.

Ó ku bó ṣe máa pẹ́ tó. Bàálù oní-abẹ̀bẹ̀ bí ATR 72, tó wọ́pọ̀ ní àwọn pápá kékeré ilẹ̀ wa, ń sá bíi kìlómítà 500 ní wákàtí kan bó bá ti wọ eré tán. Fi 500 pín 146, ìṣẹ́jú 17 àti ààbọ̀ ló máa bọ́ sí. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń mú, tí wọ́n á sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí pé bàálù náà kò ní rí àyè sá eré yẹn.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e. Awakọ̀ fẹ́ gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 12,000, nǹkan bíi mítà 3,650. Bàálù tó ń gun òkè kì í lè sáré, bíi ti tírélà tó ń gun òkè Ẹ̀rìn. Á gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sì ti rin bíi máìlì òkun 28 kó tó dé òkè tó ń lọ. Sísọ̀kalẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀: fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan tí awakọ̀ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní máìlì òkun mẹ́ta níwájú, kí ọkọ̀ má baà já wálẹ̀, kí etí àwọn èrò má sì di. Ẹsẹ̀ bàtà 12,000 nìyẹn, máìlì òkun 36. Ẹ ro 28 pọ̀ mọ́ 36, 64 ti lọ nínú 79. Máìlì òkun 15 péré ló kù láti fi sá eré kìlómítà 500, kò sì ní tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fi máa tán. Bí ọmọdé tó ń gun òkè ni, tó kàn wo apá ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Ẹni tó bá ní ká lo jẹ́ẹ̀tì ńlá torí pé ó yára, kó wo ìṣirò kan náà. Ẹsẹ̀ bàtà 35,000 ni jẹ́ẹ̀tì ti ń gbádùn eré rẹ̀. Láti sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ nìkan, ó nílò máìlì òkun 105. Gbogbo ọ̀nà Ìbàdàn sí Àkúrẹ́ kò tó ibi tí yóò ti sọ̀! Lórí ọ̀nà kúkúrú, eré jẹ́ẹ̀tì kò ní ibi tí yóò ti wúlò, epo tó sì ń jó nísàlẹ̀ pọ̀ ju èyí tó ń jó lókè lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ní Alákíà àti ní Àkúrẹ́, méjèèjì nà láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sí àríwá-ìlà-oòrùn. Wọn kò dédé ṣe é bẹ́ẹ̀. Bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ bó bá ń gbéra àti bó bá ń balẹ̀, afẹ́fẹ́ méjì ló sì ń jọba lórí ilẹ̀ wa: ti òjò tó ń fẹ́ wá láti òkun ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, àti ọyẹ́ tó ń gba aṣálẹ̀ bọ̀ láti àríwá-ìlà-oòrùn. Ohun tí àgbẹ̀ ń wò kó tó gbin àgbàdo náà ni àwọn tó la ojú ọ̀nà bàálù wò. Nítorí náà, lásìkò òjò, bàálù tó bá ń lọ sí Àkúrẹ́ yóò sábà gbéra kúrò ní Alákíà pẹ̀lú ìdí rẹ̀ sí ibi tó ń lọ, á fò lọ díẹ̀, á sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà lókè. Lásìkò ọyẹ́, ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyípadà kékeré ló kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin lè dá lórí èyí nìkan.

Lókè níbi ẹsẹ̀ bàtà 12,000, afẹ́fẹ́ tó wọ́pọ̀ lójú sánmà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn. Á máa ti bàálù tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn, á sì máa ti èyí tó ń lọ lórí. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìyàtọ̀ tó máa mú wá lórí kìlómítà 146 kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, èèyàn kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lórí òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí afẹ́fẹ́ òkè ti ń sá gidi láti ìwọ̀-oòrùn, bíbọ̀ láti Amẹ́ríkà sí Èkó máa ń yá ju lílọ lọ, nígbà mìíràn fún ohun tó ju wákàtí kan.

Àwọn bàbá wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ é fò láì fara kanra. Ojú ọ̀run bàálù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ NAMA, àjọ tó ń bójú tó ojú sánmà Nàìjíríà, ló ń sọ fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ibi tí yóò gbà, ibi gíga tí yóò dúró sí, àti ẹni tí yóò ṣáájú balẹ̀. Bí òjò oníjì bá dúró sọ́nà, wọ́n á yí i ká. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ìṣẹ́jú 25 sí 30 ni bàálù yóò lò lókè láàárín Ìbàdàn àti Àkúrẹ́, kì í ṣe 17.

Nọ́ńbà kan ṣì kù, òun ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Àkókò tí ilé iṣẹ́ bàálù ń kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá fò. Ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá yọ ohun tí wọ́n fi há táyà rẹ̀, ó sì parí nígbà tí wọ́n bá tún fi há a ní ibi tó dé. Yíyọ́ lọ sí ojú ọ̀nà, dídúró de àṣẹ, yíyọ́ padà wá, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èkó sí Abuja jẹ́ kìlómítà 511. Jẹ́ẹ̀tì tó ń sá 800 ì bá rìn ín ní ìṣẹ́jú 38, ṣùgbọ́n wákàtí kan àti díẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún wa, wọn kò sì rẹ́ wa jẹ. Ní pápá kékeré bíi tiwa, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ti òkè.

Wàyí o, àárín Alákíà àti Àkúrẹ́ kọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń ná. Èkó àti Abuja ni ọ̀nà wọn láti pápá méjèèjì. Ẹni tó bá ta kú pé bàálù lòun yóò wọ̀ láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, tó bá gba Abuja, yóò fò kìlómítà 405 lọ, yóò sì fò 291 padà wá: 696, dípò 146. Tó bá gba Èkó, 113 àti 231, ó di 344. Ọ̀nà títì tó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà kò ju bíi 200 lọ. Èèyàn lè bínú sí èyí, èmi náà ti bínú sí i rí, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ yé mi. Ibi tí bàálù ti ń gbéra ló ti ń mu epo jù, ẹ sì ti rí i pé ọ̀nà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbígbéra àti bíbalẹ̀ nìkan. Owó bíbalẹ̀ wà níbẹ̀, àga bí 70 sì gbọ́dọ̀ kún. Àwọn tó ní iṣẹ́ láàárín ìlú méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n mọ́tò ń gbé wọn láti gáréèjì sí gáréèjì láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, láìní kí wọ́n wá dúró fún wákàtí kan ṣáájú.

Fún wa, nígbà náà, pápá wo ló sún mọ́ni ni ìbéèrè tó ṣe kókó. Bí a bá fa okùn, Iléṣà sí pápá Àkúrẹ́ jẹ́ kìlómítà 74, Iléṣà sí Alákíà jẹ́ 89. Òṣogbo sí Alákíà jẹ́ 79, sí ti Ìlọrin jẹ́ 75, sí ti Àkúrẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100. Okùn ní kí ará Iléṣà máa lọ sí Àkúrẹ́, kí ará Òṣogbo mú Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Pápá Àkúrẹ́ wà lápá ìlà-oòrùn ìlú, ẹni tó bá ń ti Iléṣà bọ̀ gbọ́dọ̀ la ìlú kọjá, ọ̀nà rẹ̀ yóò sì lé ní kìlómítà 80. Alákíà ńkọ́? Apá ọ̀dọ̀ wa ló wà sí Ìbàdàn. Ẹni tó gba ọ̀nà Ifẹ̀ wọlé yóò yà síbẹ̀ láìdé Ìwó Road. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ àwọn ará Iléṣà tí wọ́n ń fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ lọ sí Alákíà, tí wọn kò sì ṣìnà.

Ẹ tún wo iye ìgbà tí bàálù ń lọ lójúmọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì jẹ́ aago mọ́kànlá, ẹni tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní aago méjìlá ti pàdánù wákàtí 23. Ọ̀pọ̀ pápá kékeré ní Nàìjíríà kì í sì í gba bàálù mọ́ bí oòrùn bá ti wọ̀, torí iná ojú ọ̀nà. Bàálù tó pẹ́ ní Èkó nírọ̀lẹ́ lè má wá mọ́ rárá. Lásìkò ọyẹ́, eruku lè dí ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi mọ́ dáadáa kó tó ṣeé balẹ̀ sí.

Bí mo ṣe pín ọjọ́ tí mo lọ sí Abuja yẹn sí nìyí: wákàtí méjì láti Iléṣà dé pápá, pẹ̀lú dídúró kí mọ́tò tó kún, wákàtí méjì níbẹ̀, torí pé bàálù pẹ́ díẹ̀, ìṣẹ́jú 45 lókè, lẹ́yìn náà, gbígba ẹrù, wíwá takisí, àti bíi 40 kìlómítà láti pápá Abuja wọ ìgboro, tó tún gba wákàtí méjì àti ààbọ̀ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó ju wákàtí méje lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni bàálù lò. Ilẹ̀ ló lo ìyókù.

Ìdó-Ọ̀ṣun ńkọ́? Àwọn òyìnbó amúnisìn ti ní pápá kékeré kan níbẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ Òṣogbo. Ìjọba Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá dáwọ́ lé sísọ ọ́ di pápákọ̀ ńlá, wọ́n fi orúkọ M.K.O. Abíọ́lá pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí gómìnà náà kúrò lórí àléfà ní 2018. Ká ní bàálù ń balẹ̀ síbẹ̀ ni, Ìdó-Ọ̀ṣun sí Èkó yóò jẹ́ bíi máìlì òkun 100, sí Abuja bíi 180. Ará Òṣogbo yóò jèrè rẹ̀ gidi: wákàtí tó fi ń lọ sí Alákíà yóò di ìṣẹ́jú 20 lórí takisí. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo sì ní láti ṣe ìṣirò tiwa. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, kò gba Iléṣà. Orí títì ni àwa ti ń lọ bá gbogbo ọkọ̀ látìgbà yẹn. Láti Iléṣà, a máa kọ́kọ́ lọ sí Òṣogbo, a máa la Òṣogbo kọjá, ká tó dé Ìdó-Ọ̀ṣun. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni. Àkúrẹ́ gba wákàtí méjì lónìí, kì í ṣe torí pé ó jìnnà, bí kò ṣe torí ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ. Bí wọ́n bá tún ibẹ̀ ṣe, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ sọ fún mi pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lòun yóò fi gbé mi dé ẹnu ọ̀nà pápá. Ìṣẹ́jú 50 ni ìyẹn yóò yọ kúrò, ó ju gbogbo àkókò tí mo lò lójú òfurufú lọ.